Ẹjọ́ Irene Murdoch: ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lóko ọkọ

Tí ẹ bá ti ka ìkéde òkú rí nínú àwọn ìwé ìròyìn kéékèèké tó wà ní ìgbèríko Alberta tàbí Saskatchewan, ní Kánádà lọ́hùn-ún, ẹ máa rí i pé tó bá jẹ́ ìyá àgbà tó fẹ́ olóko ló kú, bákan náà ni wọ́n sábà máa ń kọ ọ́. Ọdún tí wọ́n bí i, ọdún tó lọ́kọ, iye ọmọ àti ọmọ-ọmọ tó fi sílẹ̀, pé ó mọ búrẹ́dì ṣe, pé ọgbà ẹ̀fọ́ ẹ̀ dára, pé kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ, lẹ́yìn náà wọ́n á wá ní ó ran ọkọ ẹ̀ lọ́wọ́ lóko. Ó parí. Ọgọ́ta ọdún ti wọ inú gbólóhùn kan. Ó sì lè jẹ́ pé ìyá yẹn gan-an ló ń wa katakata, òun ló ń gbẹ̀bí màlúù láàárín òru nígbà tí yìnyín ń bọ́, ṣùgbọ́n "ó ràn án lọ́wọ́" náà ni wọ́n á kọ.

Ẹnì kan wà nínú wọn tí wọ́n bi léèrè ní gbangba pé kí gan-an lò ń ṣe lóko yẹn, tí wọ́n sì kọ ìdáhùn ẹ̀ sílẹ̀. Kì í ṣe ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ ló bi í o, inú kóòtù ni. Irene Murdoch lorúkọ ẹ̀, òun àti ọkọ ẹ̀ ń sin màlúù ní gúúsù Alberta, níbi tí pápá gbalasa tí wọ́n ń pè ní prairie ti ń parí tí àwọn òkè Rocky ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹjọ́ ẹ̀, Murdoch v. Murdoch, dé Kóòtù Gíga Jù Lọ ní Kánádà, October 2, 1973 ni wọ́n dá a, ó sì pàdánù. Mo fẹ́ kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ọjọ́ ìdájọ́ ni àwọn èèyàn ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn yẹn, bí ẹni pé obìnrin náà ò gbé ayé kankan kó tó dé iwájú adájọ́.

(Ẹ má bínú pé mò ń sọ "ó" fún ẹni tó ju ìyá mi lọ o. Tí mo bá ní kí n máa sọ "wọ́n" bó ṣe yẹ, nínú ọ̀rọ̀ tó ní tọkọtaya, ìyá ìyàwó, àti adájọ́ márùn-ún nínú, kò sẹ́ni tó máa mọ ẹni tó ṣe kí ni mọ́.)

1943 ló lọ́kọ. Wọn ò ní ilẹ̀. Fún bí ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́, oko àwọn olóko ńlá ni wọ́n ń lọ bá ṣiṣẹ́, wọ́n sì máa ń gbà wọ́n ní tọkọtaya, ìyẹn ni pé èèyàn méjì ló ń ṣiṣẹ́, owó kan ni wọ́n ń gbà. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún dọ́là lóṣù. Ọkọ ni wọ́n ń kó o fún. Ẹ fi ọgọ́rùn-ún dọ́là yẹn sọ́kàn, mo máa padà sórí ẹ̀.

Ní 1947, ọkọ ẹ̀ àti bàbá tó bí obìnrin náà lọ́mọ jọ ra oko kan ní Bragg Creek, kò jìnnà sí Calgary, oko tí àwọn ará ìlú ti máa ń wá sinmi, tí wọ́n á wá gun ẹṣin, tí wọ́n á sùn. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, ibi tí àlejò bá ń sùn, ta ló ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ta ló ń dáná? Lẹ́yìn ọdún mélòó kan wọ́n tà á, ọkọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilẹ̀ tó tóbi sí i, wọ́n á ra èyí, wọ́n á ta tọ̀hún, wọ́n á fi owó ẹ̀ ra òmíì, títí di ìparí àwọn ọdún 1950 tí wọ́n fi ní oko màlúù tó jọjú. Ìwé ilẹ̀, orúkọ ọkọ. Màlúù, ti ọkọ. Owó orí, orúkọ ọkọ ni wọ́n fi ń san án. Wọ́n bí ọmọkùnrin kan.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa sọ ọ́ níbi tí wọ́n wà pé ṣé obìnrin yìí ò wá ní òwò tiẹ̀ ni. Nílé wa, ìyàwó àgbẹ̀ gan-an ní ohun tó ń tà, gàrí ni o, epo ni o, aṣọ ni o, owó ẹ̀ wà lọ́tọ̀, ọkọ ò sì gbọ́dọ̀ máa bi í pé èló ló kù. Ibi tí à ń sọ yìí, ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún ò sí, kò sí ìsọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, aládùúgbò tó sún mọ́ ẹ jù lọ lè wà ní máìlì méjì sí ibi tí o wà, ìgbà òtútù sì máa ń lọ sí ìwọ̀n Celsius 30 nísàlẹ̀ òdo. Owó tí ìyàwó olóko lórí prairie sábà máa ń rí fún ara ẹ̀ ni owó ẹyin adìẹ àti owó bọ́tà àti kírímù, inú ẹ̀ náà ni bàtà ọmọ àti ṣúgà ilé sì ti ń jáde. Obìnrin ò lè fi ìyẹn ra ilẹ̀ láéláé.

Ní báyìí, ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀. Ọkọ ẹ̀ tún ní iṣẹ́ mìíràn níta, ẹgbẹ́ àwọn olówó màlúù ló gbà á, òun ló ń bá wọn mójú tó ẹran wọn nínú igbó ìjọba lórí òkè nígbà tí ewéko bá yọ. Wọ́n bi obìnrin náà ní kóòtù pé ṣé ọkọ ẹ máa ń kúrò lóko? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, oṣù márùn-ún lọ́dọọdún. Oṣù márùn-ún! Kì í sì í ṣe oṣù márùn-ún tí èèyàn ń jókòó ti iná o, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ́hùn-ún ni gbogbo iṣẹ́ koríko máa ń bọ́ sí, tí wọn ò bá gé e kí wọ́n kó o jọ ní àkókò yẹn, ebi ló máa pa màlúù tí òtútù bá dé.

Wọ́n wá bi í pé irú iṣẹ́ wo lò ń ṣe. Èmi ni mo yí i sí Yorùbá o, ṣùgbọ́n ohun tó sọ nìyí: ó ní òun ń gé koríko, òun ń wọ́ ọ jọ, òun ń wa tírọ́ọ̀kì àti katakata, òun ń da ẹṣin tó ń fa ọkọ̀, òun ń tu ẹṣin tó bá ń ṣe agídí lójú, òun ń da màlúù lọ sínú igbó ìjọba òun sì ń dà wọ́n bọ̀, òun ń gé ìwo wọn, òun ń gún wọn lábẹ́rẹ́, òun ń fi irin gbígbóná sàmì sí wọn lára, ohunkóhun tó bá ṣáà wà láti ṣe. Ó ní ìta lòun ti ń bá a ṣiṣẹ́, bí ọkùnrin ṣe máa ń ṣe é gẹ́lẹ́. Ó tún wá pa á dé bó ṣe sọ ọ́ ṣáájú, ohunkóhun tó bá wà láti ṣe.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹyọ kan péré nínú ẹ̀, ìwo gígé. Wọ́n á ti ọmọ màlúù wọ àárín igi tóóró kan tí kò ti ní lè yí padà, wọ́n á há a lọ́rùn, ẹnì kan á di orí ẹ̀ mú, ẹnì kejì á fi irin ọlọ́wọ́ gígùn méjì tó dà bí àlùmọ́gàjí gé ìwo yẹn láti ìdí pátápátá, torí tí ìdí ẹ̀ bá kù ó máa tún hù. Ẹ̀jẹ̀ á máa ta jáde tín-ín-rín bí ìgbà tí rọ́bà omi bá lu, á ta sí ẹ lójú, á ta sí ẹ láṣọ, ọmọ ẹran á máa ké, ìyá ẹ̀ á máa dá a lóhùn láti ẹ̀yìn ọgbà. Wọ́n á fi oògùn sí i, wọ́n á tú u sílẹ̀, òmíì á wọlé. Bẹ́ẹ̀ lẹ máa ṣe é títí gbogbo agbo á fi tán. Lẹ́yìn ìyẹn kí ìyàwó fọwọ́, kó wọlé, kó lọ dáná alẹ́, torí kò sẹ́ni tó máa sọ pé ó ti gé ìwo lónìí kó sinmi.

Ọdún 1968 ni nǹkan bàjẹ́. Ọkọ fẹ́ ta ilẹ̀. Òfin kan ti wà ní Alberta láti 1917 pé ọkọ ò lè ta ibi tí òun àti ìyàwó ẹ̀ ń gbé láìjẹ́ pé ìyàwó fọwọ́ sí i, Irene sì ní òun ò ní fọwọ́ sí i, pé òun náà nípìn-ín níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ di ìjà, ìjà yẹn di ohun tí àgbọ̀n obìnrin náà fi fọ́ tó fi dèrò ọsibítù. Mi ò fẹ́ pẹ́ lórí ìyẹn. Bí wọ́n ṣe pínyà nìyẹn, tó sì gba kóòtù lọ. Ó ní kí wọ́n ya àwọn, kí wọ́n ní kí ọkọ máa fún òun ní owó oúnjẹ, kí wọ́n sì fún òun ní ìdajì oko, ilẹ̀ àti ẹran, torí àwọn méjèèjì làwọn jọ ṣe é.

Adájọ́ àkọ́kọ́ yà wọ́n. Ó ní kí ọkọ máa san igba dọ́là lóṣù fún un. Ìdajì oko ńkọ́? Kò sí. Adájọ́ ní kò sí ìwé kankan tó fi hàn pé wọ́n jọ ń ṣòwò, wọn ò forúkọ àjọṣe sílẹ̀ níbì kankan, gbogbo nǹkan wà lórúkọ ọkọ. Owó kan wà o, owó tó gba àkáǹtì obìnrin náà kọjá tí wọ́n fi kún owó ilẹ̀, àmọ́ wọ́n ní owó ìyá ẹ̀ ni, wọ́n ní ìyá ìyàwó ló yá ọkọ, wọ́n sì ti san án padà, nítorí náà kì í ṣe ìpín ẹnikẹ́ni. Ní ti iṣẹ́ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó ní ohun tí obìnrin náà ṣe ò ju iṣẹ́ tí ìyàwó olóko màlúù èyíkéyìí máa ń ṣe lọ.

Èyíkéyìí. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yẹn tí mo tún un kà. Adájọ́ náà ò purọ́, ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Òótọ́ ni pé àwọn ìyàwó olóko tó yí i ká náà ń wa katakata, wọ́n ń gbẹ̀bí ẹran, wọ́n ń kó koríko. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó fi òótọ́ yẹn gbà: torí pé gbogbo wọn ló ń ṣe é, kò wá níye lórí. Tó bá jẹ́ òun nìkan ló ń ṣe é ni wọ́n á fún un ní nǹkan, abi? Ṣé tí gbogbo bírìkìlà bá ń mọ ilé, a ó wá ní mímọ ilé ò ní owó nínú?

Ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Alberta, wọ́n dà á nù. Ó gbé e lọ sí Ottawa, níbi tí Kóòtù Gíga Jù Lọ wà. Adájọ́ márùn-ún ló jókòó lé e lórí, mẹ́rin dá ọkọ láre, ọ̀kan nínú wọn, Martland, ló kọ ọ̀rọ̀ wọn. Kí n má parọ́ mọ́ wọn, òfin tí wọ́n ń tẹ̀ lé nígbà yẹn, èyí tí wọ́n jogún láti Ìlú Ọba, ló há síbẹ̀. Ohun tí òfin yẹn ń sọ ni pé tí ilẹ̀ bá wà lórúkọ ẹnì kan, tí ẹlòmíì ní òun náà nípìn-ín, kí onítọ̀hún fi hàn pé òun fi owó sí i, tàbí kó fi hàn pé láti ìbẹ̀rẹ̀ làwọn méjèèjì ti fẹnu kò pé àwọn jọ ni ín. Òógùn ojú kì í ṣe owó. Ìfẹnukò sì wá jẹ́ ohun ẹ̀rín, ẹ sọ fún mi, tọkọtaya wo ló jókòó ní 1943 tí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé tá a bá kọ ara wa báyìí la ṣe máa pín màlúù?

Ẹnì karùn-ún ò gbà. Bora Laskin. Òun ní tiẹ̀ ní iṣẹ́ àṣelàágùn tí obìnrin yìí ṣe kọjá iṣẹ́ ilé lásán, àti pé kì í ṣe dandan kí èèyàn wá ìfẹnukò kan tí kò sí. Ó ní tí ẹnì kan bá fi òógùn ẹlòmíì di olówó, tí kò sì tọ́ kó dá dì í mú, kóòtù fúnra ẹ̀ lè sọ pé apá kan nínú ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó kàn ń bá ẹni yẹn tọ́jú ẹ̀ ni. Lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ ẹyọ adájọ́ kan ò lè ṣe Irene ní àǹfààní kankan. Ṣùgbọ́n ní December ọdún yẹn kan náà, kò tíì pé oṣù mẹ́ta, ọkùnrin yìí ni ìjọba Pierre Trudeau fi ṣe olórí àwọn adájọ́ Kánádà.

Wọ́n ní ẹni tó gbé adìẹ òtòṣì gbé ti aláròyé. Ariwo tó tẹ̀ lé ìdájọ́ yẹn pọ̀, àwọn tó sì pariwo jù kì í ṣe àwọn obìnrin ìlú ńlá nìkan, àwọn ìyàwó olóko gan-an ni, àwọn tí kò tíì bá ọkọ wọn jà rí, tí wọ́n gbé tíì sílẹ̀ tí wọ́n wo ojú ọkọ lẹ́nu tábìlì pé ṣé òótọ́ ni, gbogbo ibí yìí, mi ò ní nǹkan kan níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò tilẹ̀ jẹ́ tuntun. Nígbà tí ìjọba Kánádà ń pín ilẹ̀ prairie láti 1872, 160 éékà fún ẹni tó bá san dọ́là mẹ́wàá, tó kọ́lé síbẹ̀, tó sì dáko síbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, ọkùnrin ló ń gbà á, obìnrin tó lọ́kọ ò lè gbà á, àfi irú opó tó jẹ́ òun nìkan ni olórí ilé. Èyí tó tún jẹ́ ìyàlẹ́nu ni pé obìnrin Alberta márùn-ún, Emily Murphy àti Nellie McClung wà lára wọn, ló gbé ẹjọ́ lọ títí dé Lọ́ńdọ̀nù kí wọ́n tó sọ ọ́ ní 1929 pé obìnrin náà jẹ́ "ẹni" lábẹ́ òfin Kánádà tó sì lè di sẹ́nétọ̀. Ọdún mẹ́rìnlélógójì lẹ́yìn ìyẹn, obìnrin Alberta lè di sẹ́nétọ̀ ṣùgbọ́n kò lè ní ìdajì koríko tó fọwọ́ ara ẹ̀ gé.

Nígbà yìí ìjọba ò lè ṣe bí ẹni pé àwọn ò gbọ́. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ obìnrin ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ní 1970 pé kí tọkọtaya máa pín ohun tí wọ́n jọ ní, ìwé yẹn ń jókòó lórí tábìlì. Lẹ́yìn Murdoch ni àwọn ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, láàárín ọdún mélòó kan wọ́n ti ṣe òfin tuntun lọ́kọ̀ọ̀kan, ti Alberta bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 1, 1979. Kóòtù náà yí ohùn padà. Ní 1978 ẹjọ́ obìnrin mìíràn tó jẹ́ ìyàwó olóko ní Saskatchewan, Rathwell, dé iwájú wọn, 1944 lòun lọ́kọ, iṣẹ́ oko kan náà ló ṣe, ṣùgbọ́n òun àti ọkọ ẹ̀ jọ ní àkáǹtì kan ní bánkì, wọ́n sì fún un ní ìdajì. Ní 1980, nínú ẹjọ́ Pettkus àti Becker, àwọn tó ń sin oyin, tí wọn ò tilẹ̀ ṣègbéyàwó, ohun tí Laskin dá nìkan sọ ní 1973 ló wá di ohun tí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn adájọ́ fara mọ́.

Irene ò sí nínú gbogbo ìyẹn. Òfin tuntun ò padà sẹ́yìn wá tún ẹjọ́ ẹ̀ dá. Ohun tó rí gbà ni pé nígbà tí ìkọ̀sílẹ̀ wọn dé kóòtù, ní 1976, wọ́n ní kí ọkọ kó owó kan fún un lẹ́ẹ̀kan náà, 65,000 dọ́là. Wọn ò pè é ní ìpín oko o, owó ìtọ́jú ni wọ́n pè é. Oko ṣì jẹ́ ti ọkọ.

Mo fi kákúlétọ̀ fóònù mi ṣe ìṣirò ẹ̀. Láti 1943 sí 1968 jẹ́ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. 65,000 tí a bá pín in sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, 2,600 ló ń jẹ́ lọ́dún, ìyẹn nǹkan bí 217 dọ́là lóṣù. Nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ òṣìṣẹ́ lóko olóko, tí òun àti ọkọ ń gba ọgọ́rùn-ún dọ́là lóṣù, ìdajì tiẹ̀ ì bá jẹ́ àádọ́ta. Iye tí oúnjẹ, epo ọkọ̀ àti ilẹ̀ sì fi gbówó lórí láàárín 1943 sí 1976, ẹ fi ìyẹn kún un kí ẹ wá wò ó fúnra yín bóyá owó oṣù ẹ̀ lọ sókè àbí ó dúró síbi tó wà.